Nígbà Tí Ooru Bá Mú Ìrẹsì

  Ọ̀rọ̀ ìrẹsì ni mo gbé wá lónìí. Kì í ṣe ìrẹsì inú abọ́ o, nítorí èyíinì kò fẹ́ àlàyé. Ìrẹsì tí ó ṣì wà lórí ìdúró nínú oko, tí oòrùn ń pa, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Kí n tó wọ inú ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kan. Wọ́n ní àkùrọ̀ kan lẹ́bàá odò, ilẹ̀ amọ̀ dúdú tí ó máa ń gba omi dúró. Lọ́dún kan wọ́n pinnu pé àwọn yóò gbin ìrẹsì ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n ra ẹ̀rọ tí ń fa omi, wọ́n fi amọ̀ mọ ògiri kúkúrú yí oko ká, wọ́n sì gbin ìrẹsì náà nígbà tí ọdún Kérésìmesì ku díẹ̀. Ìrẹsì náà dára púpọ̀. Àwọn tí ń kọjá lójú ọ̀nà a máa dúró wò ó. Nígbà tí ó di oṣù Kẹta, ó yọ orí, àfi bí ẹni pé ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni epo bẹntiróòlù ń dúró dè kí ó tó gbówó lórí. Ẹ̀gbọ́n mi wo oko, wọ́n rí i pé ewé ṣì tutù yọ̀yọ̀. Wọ́n ní, "Ó kúkú ti yọ orí ná. Kí ló tún kù? Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ sinmi." Ọjọ́ mẹ́wàá ni ẹ̀rọ fi sinmi. Ilẹ̀ oko gbẹ títí ó fi sán.

Nígbà tí ó yẹ kí wọ́n kórè, orí ìrẹsì dúró ṣánṣán, kò tẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ìrẹsì mọ̀ pé orí tí kò bá tẹ̀ kò gbé ẹrù kankan. Wọ́n já ọ̀kan, wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ èèpo rẹ̀, òfìfo ni. Wọ́n já òmíràn, bákan náà ni. Àwọn kan ní ẹyẹ ẹ̀ga ló jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ẹyẹ ẹ̀ga kì í jẹ ìrẹsì kí èèpo rẹ̀ má fàya, èyí kò sì fàya rárá. Àwọn mìíràn, ẹ̀yin náà mọ irú wọn, ní ọwọ́ ayé ni, wọ́n sì ń fi ojú tọ́ka sí aládùúgbò kan tí ó bá ẹ̀gbọ́n mi du ààlà ilẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹjọ́ níwájú ọba. Mo sọ fún wọn nígbà náà, mo sì tún ń sọ ọ́ fún gbogbo yín lónìí, pé kì í ṣe ẹyẹ, kì í sì í ṣe ọmọ ènìyàn. Ooru ni, òùngbẹ sì ni ó ràn án lọ́wọ́.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nìyí. Gbogbo hóró ìrẹsì tí a ń jẹ, inú òdòdó kékeré kan ni ó ti wá. Òdòdó náà kò ní àwọ̀ tí ó ń pe ojú, nítorí náà ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbin ìrẹsì fún ogún ọdún láìmọ̀ pé ó ń tan òdòdó. Èèpo méjèèjì tí a ń gún kúrò lára ìrẹsì ni ilẹ̀kùn ilé rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ilẹ̀kùn yìí máa ń ṣí láyé rẹ̀. Ní àwọn ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, ó sábà máa ń ṣí láàárín aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ sí ọ̀sán gangan. Àpò wínníwínní mẹ́fà yóò yọ jáde, wọn yóò bẹ́, wọn yóò da lẹ́búlẹ́bú tí ó dà bí àtíkè sí ara abo òdòdó náà. Kí wákàtí kan tó pé tàbí kí ó lé díẹ̀, ilẹ̀kùn ti padé. Lẹ́búlẹ́bú náà fúnra rẹ̀ kò pẹ́ láyé: ìṣẹ́jú mélòó kan péré lẹ́yìn tí ó bá jáde, ó ti kú. Gbogbo òdòdó orí ìrẹsì kan kì í ṣí lọ́jọ́ kan náà, ó máa ń tó bí ọjọ́ márùn-ún sí méje kí wọ́n tó ṣí tán.

Bí ìgbóná inú òdòdó bá wá kọjá ìwọ̀n 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius ní wákàtí kan yẹn (ẹ̀yin àgbà tí ẹ kọ́ ti Fahrenheit, bí 95 nìyẹn), àpò yẹn kò ní bẹ́ dáadáa. Bí ó bá sì bẹ́, lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ lè má hù lórí abo òdòdó. Ilẹ̀kùn yóò padé, kò sí ohun tí ó wà nínú ilé. Ní Los Baños ní ilẹ̀ Philippines, níbi tí ibùdó ìwádìí ìrẹsì àgbáyé tí a ń pè ní IRRI wà, ni wọ́n ti fi ojú sí ọ̀rọ̀ yìí láti nǹkan bí ọdún 1970 sí 1980. Ohun tí ó yẹ kí àgbẹ̀ mú níbẹ̀ ni pé ewé ìrẹsì lè fara da ooru tí ó ju èyí lọ dáadáa. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n mi fi wo oko wọn tí wọ́n rí ewé tútù, tí wọ́n sì rò pé àlàáfíà ni. Ewé tí ó jó, ìrẹsì lè yọ òmíràn. Òdòdó tí wákàtí rẹ̀ bá kọjá kò ní wákàtí mìíràn.

Ooru òru pàápàá ní ọ̀ràn tirẹ̀. Ní 2004, àwọn onímọ̀ ní Los Baños kan náà fi hàn pé ní oko ìwádìí wọn, bí ìgbóná òru bá fi ìwọ̀n kan péré lé sí i ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn, nǹkan bí ìdá 10 nínú 100 ni ìkórè fi ń dín kù. Bí ooru bá sì dé lẹ́yìn tí hóró ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbó, hóró náà yóò kún lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ yóò funfun bí ẹfun, yóò sì máa fọ́ wẹ́wẹ́ nínú ẹ̀rọ. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 2023, irú ooru bẹ́ẹ̀ ba orúkọ ọ̀pọ̀ ìrẹsì ilẹ̀ Japan jẹ́ lọ́jà, àwọn tí ó jẹ́ pé ipò kìn-ín-ní ni wọ́n máa ń wà tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá bọ́ sórí omi. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nílé tí a kò ti ní ẹ̀rọ amómitutù, ẹ rántí àmù ìyá yín. Amọ̀ ni, ó wà ní kọ̀rọ̀ ilé, ara rẹ̀ a sì máa tutù rinrin nígbà gbogbo. Omi inú rẹ̀ máa ń tutù ju afẹ́fẹ́ inú ilé lọ. Kí ló fà á? Omi díẹ̀díẹ̀ ń yọ gba ara amọ̀ jáde, afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ, bí ó sì ti ń lọ ni ó ń gbé ooru dání. Bí ìrẹsì ṣe ń tu ara rẹ̀ lára gan-an nìyẹn. Gbòǹgbò ń fa omi láti inú ilẹ̀, omi ń gba inú igi gòkè, ó sì ń gba àwọn ihò kékeré tí ojú wa kò lè rí lára ewé jáde. Bí omi bá wà nílẹ̀ tí ihò yẹn sì ṣí, ìrẹsì náà di àmù. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, yóò ti ihò pa kí òùngbẹ má bàa pa á, láti ìgbà náà lọ ni ooru yóò máa pọ̀ sí i lára rẹ̀.

Ẹ ó sì rántí pé àmù máa ń tutù jù lọ ní ìgbà ọyẹ́. Ní ìgbà òjò, tí aṣọ sísá kì í gbẹ, omi àmù kì í fi bẹ́ẹ̀ tutù, nítorí afẹ́fẹ́ ti mu omi yó. Ohun kan náà ni wọ́n rí lára ìrẹsì káàkiri ayé, ó sì ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Ní gúúsù Ọsirélíà, níbi tí afẹ́fẹ́ gbẹ, wọ́n wọn orí ìrẹsì tí ó wà nínú omi, wọ́n sì rí i pé ó fi bí ìwọ̀n 6 sí 7 tutù ju afẹ́fẹ́ tí ó yí i ká lọ. Ní àfonífojì odò Yangtze ní ilẹ̀ Ṣáínà, níbi tí afẹ́fẹ́ ti kún fún ọ̀rinrin tí ìjì kì í sì í fẹ́, orí ìrẹsì a máa gbóná ju afẹ́fẹ́ lọ. Ní ọdún 2003, ooru ńlá kan mú àfonífojì yẹn ní àsìkò òdòdó, ọ̀pọ̀ oko ìrẹsì ni ó sì di òfìfo. Bẹ́ẹ̀ omi wà nínú oko wọn o.

Ibi tí ó wù mí jù láti sọ nípa rẹ̀ ni àfonífojì odò Sẹ̀nẹ̀gà, nítorí ọmọ Áfíríkà bíi tiwa ni wọ́n. Ìlú kan wà níbẹ̀ tí a ń pè ní Richard Toll. Ní èdè Wolof, "toll" ni oko tàbí ọgbà, Richard sì ni orúkọ aṣọ́gbà ọmọ Faransé kan tí ó gbin ọgbà síbẹ̀ ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Aṣálẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀ rárá. Láàárín 1986 sí 1988 ni wọ́n parí ògiri ńlá méjì tí ó sé odò náà, ọ̀kan ní Diama nítòsí òkun kí omi iyọ̀ má bàa wọlé, èkejì ní Manantali ní ilẹ̀ Máálì. Láti ìgbà náà ni omi ti wà fún oko ní ẹ̀ẹ̀rùn pẹ̀lú òjò. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ lè gbóná tó 40 ní ẹ̀ẹ̀rùn, síbẹ̀ àwọn àgbẹ̀ ń kó ìrẹsì nílé. Àwọn tí wọ́n wọn orí ìrẹsì níbẹ̀ rí i pé nígbà mìíràn ó máa ń tutù ju afẹ́fẹ́ lọ tó bí ìwọ̀n 9. Ìyẹn ni pé omi tí ó wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó gba ọmọ orí rẹ̀ là.

Ṣùgbọ́n wọn kì í fi gbogbo ẹ̀mí wọn lé omi lọ́wọ́. Wọ́n ń ka oṣù. Bí wọ́n bá gbìn ín jù kánkán, òtútù oṣù Kìíní yóò mú ọmọ ìrẹsì. Bí wọ́n bá pẹ́ jù, òdòdó yóò bọ́ sí àárín ooru tí ó le jù. Nítorí náà wọ́n ń gbin irú tí ó tètè ń gbó, irú bíi Sahel 108 tí wọ́n gbé jáde ní 1994. Ìṣirò yìí kò le fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Ẹ béèrè iye ọjọ́ tí irú ìrẹsì yín fi ń gbó, ẹ yọ bí ọgbọ̀n ọjọ́ kúrò níbẹ̀, iye ọjọ́ tí ó kù ni yóò fi tan òdòdó. Ẹ wá wo oṣù tí ọjọ́ yẹn bọ́ sí. Ẹ̀gbọ́n mi kò ṣe ìṣirò yìí, èmi náà kò sì rán wọn létí, nítorí pé n kò mọ̀ ọ́n nígbà náà.

Ẹni tí epo ń wọ́n lójú lè béèrè pé, ṣé kí omi wá máa wà lóko láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni? Rárá o. Ọ̀nà kan wà tí IRRI fi kọ́ àwọn àgbẹ̀. A ó mú páìpù oníke tí ó gùn tó 30 sẹ̀ǹtímítà, a ó dá ihò sí i lára, a ó rì í mọ́ ilẹ̀ oko, a ó sì kó ẹrẹ̀ inú rẹ̀ kúrò. Bí omi bá gbẹ lójú ilẹ̀, a ó máa yọjú wo inú páìpù. Ìgbà tí omi inú rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí ojú ilẹ̀ ni a ó tó tan ẹ̀rọ. Ọ̀nà yìí lè dín omi kù tó ìdá 30 nínú 100, ìkórè kò sì ní dín. Àfi àsìkò kan ṣoṣo: láti ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú kí òdòdó tó ṣí títí di ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú ilẹ̀ gbẹ. Kí omi ga tó sẹ̀ǹtímítà 5 lórí ilẹ̀. Ní ìgbà tí ó kù ni kí ẹ fi epo pamọ́, kí ẹ wá ná an ní ọ̀sẹ̀ méjì yìí. Ìdàkejì rẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀gbọ́n mi ṣe.

Họ́mónù wá kù. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà dẹ́rù bà yín. Láyé àwọn baba wa, ẹnìkan lè so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀ ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ẹni tí ó gbà á yóò sì mọ̀ pé ọkàn rẹ̀ fà sí òun. Owó ẹyọ náà kò tó nǹkan, kò lè ra ẹ̀kọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó jẹ́ pọ̀. Àrokò ni. Họ́mónù ni àrokò tí apá kan igi fi ń ránṣẹ́ sí apá kejì. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni, kì í ṣe oúnjẹ, ṣùgbọ́n ó ń sọ fún igi pé kí ó ga, kí ó dúró, kí ó ṣí ihò, kí ó tì í.

Ó sì dùn mọ́ mi pé ìrẹsì gan-an ni ó fi ọ̀kan nínú àwọn àrokò yìí han ayé. Àìsàn kan wà tí àwọn ará Japan ń pè ní bakanae, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ọmọ ìrẹsì tí ó gọ̀. Ìrẹsì tí ó bá mú yóò máa ga, yóò tín-ín-rín, yóò pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, lẹ́yìn náà yóò ṣubú. Ní 1926, ọmọ Japan kan, Kurosawa, tí ń ṣiṣẹ́ ní Táíwánì, mú omi tí ó ti gbin olú àìsàn náà sí, ó sẹ́ olú kúrò nínú rẹ̀ pátápátá, ó sì da omi lásán sí ìrẹsì tí ara rẹ̀ le. Ìrẹsì náà bẹ̀rẹ̀ sí í ga bí òmùgọ̀! Nǹkan kan wà nínú omi yẹn. Ní 1935, Yabuta sọ ọ́ ní gibberellin. Ìgbẹ̀yìn ni wọ́n tó mọ̀ pé ìrẹsì tí kò ṣàìsàn náà ń ṣe tirẹ̀ ní ìwọ̀nba. Olú àìsàn ni ó ń fi àrokò èké kún un. Ẹ tún gbọ́ èyí: IR8, ìrẹsì kúkúrú tí IRRI gbé jáde ní 1966 tí ó sọ ìkórè Éṣíà di ńlá, ìdí tí ó fi kúrú kò hàn gbangba títí di 2002. Gibberellin rẹ̀ ni kò pọ̀. Kò ga, kò wó, orí rẹ̀ sì kún.

Nígbà tí ooru bá dé, àwọn àrokò yìí a dàrú. Àwọn onímọ̀ ní Ṣáínà rí i pé ooru máa ń dín họ́mónù tí a ń pè ní cytokinin kù nínú orí ìrẹsì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà nínú ewé, òdòdó tí orí náà ìbá ní yóò sì dín. Ní Thailand, wọ́n fi irú kan tí ń jẹ́ brassinosteroid fọ́n ìrẹsì kí wọ́n tó mú un wọ inú ooru, ewé rẹ̀ sì ṣiṣẹ́ dáadáa ju ti èyí tí wọn kò fọ́n. Inú lẹ́búlẹ́bú òdòdó tí oyin kó jọ ni àwọn ará Amẹ́ríkà ti kọ́kọ́ rí brassinosteroid yìí ní 1979. Lẹ́búlẹ́bú tí ó ju 200 kílò lọ ni wọ́n fọ̀, ohun tí wọ́n rí nínú rẹ̀ kò tó ohun tí a lè fi bo orí èékánná. Òmíràn tún wà, salicylic acid, ìbátan ásípírìn tí a ń lò fún ẹ̀fọ́rí. Wọ́n ti dán an wò pé bí a bá fọ́n ọn kí lẹ́búlẹ́bú tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá nínú àpò rẹ̀, ó ń dín ìparun rẹ̀ kù. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má lọ lọ ásípírìn sínú oko o.

Ibi tí omi àti họ́mónù ti pàdé ni ó jọ mí lójú jù. Nígbà tí gbòǹgbò bá rí i pé ilẹ̀ ń gbẹ, àrokò kan tí ń jẹ́ abscisic acid yóò pọ̀ nínú igi, yóò dé ewé, yóò sì sọ pé, "Ẹ tilẹ̀kùn, omi ti tán." Ìwà ọgbọ́n ni, nítorí ó ń gba ẹ̀mí igi là. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí òdòdó ṣí tí oòrùn sì mú, ìlẹ̀kùn títì yẹn kan náà ni ó ń sọ orí ìrẹsì di ààrò. Nítorí náà, ẹni tí ó da omi sí oko rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ òdòdó ti yí àrokò náà padà láìra ìgò oògùn kankan.

Èrò tèmi nìyí, mo sì mọ̀ pé àwọn kan lè má fara mọ́ ọn: họ́mónù inú ìgò kò tíì jẹ́ nǹkan tí àgbẹ̀ kékeré yóò kọ́kọ́ náwó lé lórí nítorí ooru. Ní Ṣáínà, wọ́n ń fọ́n gibberellin sí oko tí wọ́n ti ń pèsè irúgbìn ìrẹsì àdàlù, owó sì ń wọlé fún wọn níbẹ̀. Ní ti ooru, oko ìdánwò ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà ṣì wà. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìgò wá bá yín, ẹ bi í pé irú ìrẹsì wo ni wọ́n fi dán an wò, mélòó ni a ń pò mọ́ omi, ọjọ́ wo ni a ń fọ́n ọn. Bí ó bá ní kí ẹ fọ́n ọn lẹ́yìn tí orí ti di òfìfo, ẹ mú un dé ẹnu ọ̀nà. Bí ó bá sì pọ̀ jù, gibberellin nìkan tó láti sọ oko rere di oko bakanae, tí yóò ga tí yóò sì wó.

Ohun mìíràn wà tí kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan, ìyẹn ni kí òdòdó tètè jí. Ìrẹsì ìbílẹ̀ Áfíríkà, tí àwọn baba ńlá àwọn ará etí odò Ọya kọ́kọ́ sọ di ohun ọ̀gbìn, máa ń ṣí òdòdó rẹ̀ ní òwúrọ̀ ju ìrẹsì Éṣíà lọ, ó sì ti ṣe tán kí oòrùn tó mú. Ní 2010, àwọn onímọ̀ Japan àti IRRI jọ fi hàn pé àwọn ti mú irú ìwà yìí láti ara ìrẹsì ìgbẹ́ kan wọ inú ìrẹsì oko. Ojú mi wà lára èyí ju gbogbo ìgò lọ.

Ní ti ẹ̀gbọ́n mi, wọn kò pe ẹjọ́. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá ni wọ́n gbin ìrẹsì, ó sì tan òdòdó nínú ọyẹ́, ní kété lẹ́yìn ọdún tuntun. Wọ́n ri páìpù mẹ́ta mọ́lẹ̀, wọ́n sì ti tọ́jú gálọ́ọ̀nù epo méjì fún ọ̀sẹ̀ òdòdó láìjẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kàn án. Nígbà tí ẹ̀rọ wọn kọ̀ṣẹ́ ní ọjọ́ kẹta tí òdòdó ṣí, aládùúgbò tí wọ́n fẹ́ pè lẹ́jọ́ yẹn ni ó gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ wá. Nígbà tí mo débẹ̀ ní oṣù Kejì, orí ìrẹsì ti tẹ̀ kanlẹ̀, àwọn méjèèjì sì jókòó sábẹ́ igi kan, wọ́n ń fi kànnàkànnà lé ẹyẹ ẹ̀ga.